Orúkọ Tí Màmá Moniya Fún Ọmọ Àǹtí Kòfowórọlá

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Elépo,
                                        Àgbowó, Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún,
                                        oṣù Òkúdù, 2025.

Wándé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo nǹkan lọ́hùn-ún yẹn? Ara ńkọ́? Ṣé ibà tó fẹ́ bá ọ wọ ilé ìwé ti padà sí ibi tó ti wá? Ṣé wọ́n ti ń fi ẹran sí ọbẹ̀ yín, àbí òórùn rẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń pín? Ara màmá rẹ le dáadáa. Ti Olúkẹ́mi àbúrò rẹ náà le, ẹnu rẹ̀ ló le jù. Bọ̀dá Ògúnjìmí, ọ̀gá mi tó ń kọ́ mi ní iṣẹ́ àtúnṣe fóònù, ní kí n kí ọ.

Ara mi náà le, ọkàn mi ni kò sí nílé. Láti ọjọ́ Ajé ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Màmá Moniya ni.

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Dúró ná. Ìwọ náà mọ̀ pé àwàdà la fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà ìsinmi Àjíǹde, nínú Ojúde Abèèrè, ibi tí gbogbo ayé ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè lórí fóònù. Ìwọ lo ní ká fi orúkọ arúgbó wọlé, èmi ni mo fi ohùn sí i. Mo ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí, pé Moniya ni mò ń gbé. Mo wá bèèrè pé bí mo bá ti fóònù mi mọ́ inú àpótí, ṣé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ á ṣì máa rí èémí mí? Ènìyàn mẹ́tàdínlógójì ló dáhùn! Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bú wa. Bàbá kan tiẹ̀ ya àwòrán kó lè yé Màmá. Ẹ̀rín pa ọ́ títí o fi já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì, má jiyàn.

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé nígbà tí o padà sílé ìwé, mi ò dáwọ́ dúró. Àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi Màmá léèrè. Èyí ní ìyá ọkọ òun kì í dá òun lóhùn, tọ̀hún ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, òun ò lè sọ fún ìyàwó òun. Màá wúkọ́ díẹ̀, màá fa ohùn bíi ti Ìyá Àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa, màá sọ ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Wọ́n á dúpẹ́. Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ á fi ohùn ránṣẹ́ pé òun dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi á sì ní kó dìde. Ọ̀gbẹ́ni Luke, alábòójútó Ojúde, fi Màmá joyè Àgbà.

Ní oṣù tó kọjá, mẹkáníìkì kan ní Ìwó Road tó ń jẹ́ Sùrájù bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ni ariwo bá ta pé tírọ́ọ̀lù ni, pé ṣe ló ń fi àwọn ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Luke bá ṣòfin: ẹni tó bá ń bèèrè ohun tí kò fẹ́ mọ̀, kó lè fi àwọn tó ń dáhùn rẹ́rìn-ín, tírọ́ọ̀lù ni, kó máa lọ. Ó ní kí Màmá fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i, Wándé. Wọ́n lé Sùrájù tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Èmi jókòó sórí oyè.

Ibi tó ti wá ń dùn mí nìyí. Àǹtí kan wà ní Bódìjà, Kòfowórọlá lorúkọ wọn, olùkọ́ ni wọ́n. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wá ọmọ. Ìyá wọn ti kú, ìyá ọkọ wọn náà ti kú. Nígbà tí oyún wọn ń sún mọ́ bíbí, Màmá ni wọ́n ń sá tọ̀ bí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Sátidé tó kọjá ni wọ́n bí obìnrin. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́: “Màmá mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Mi ò ní ìyá mìíràn mọ́. Ẹ fún ọmọ yín lórúkọ.”

Mò ń gbọ́ igbe ọmọ náà lẹ́yìn wọn. Kí n tó ronú, ohùn arúgbó ti jáde: “Ẹwàolúwa ni. Yóò gbó, yóò tọ́.” Ọ̀rẹ́ mi, mi ò fi ṣeré. Omi wà lójú mi. Mo ti gbé e sórí òfin Luke, mo yí i síwá sẹ́yìn: mi ò fi rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà. Àmọ́ ẹni tó fún un lórúkọ kò sí láyé. Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn àgbà ní orúkọ ní í ro ọmọ. Èwo ni yóò wá ro ọmọ yìí?

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tún ránṣẹ́ pé Sátidé yìí ni ìkómọ, pé ọkọ àwọn á gbé mọ́tò wá sí Moniya láàárọ̀ kùtù, kí Màmá lè fi oyin kan ọmọ lẹ́nu fúnra wọn. Kí wọ́n ṣáà júwe ilé.

Lánàá, mo fi ohùn ara mi pè wọ́n lórí ìlà Màmá. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Jésùlọlá lorúkọ mi. Èmi ni Màmá Moniya.”

“Ìwọ ọmọ yìí, gbé fóònù fún Màmá.”

“Kò sí Màmá mà. Èmi náà ni.”

“Kí lo fi wọ́n ṣe? Ṣé o gba fóònù lọ́wọ́ arúgbó ni?” Wọ́n ti ń sunkún.

Mo rò pé bí mo bá ṣe ohùn náà, wọ́n á rí i pé òótọ́ ni. Mo ní, “Kòfowórọlá, ọmọ mi, fara balẹ̀.”

“Háà, Màmá! Ọlọ́run ṣeun! Ọmọkọ́mọ wo ló wà lọ́dọ̀ yín yẹn? Ẹ bá mi gbá a létí!”

Mo pa fóònù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fi ẹjọ́ sun Luke. Luke kọ ọ́ gàdàgbà pé tírọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Jésùlọlá ń fi Àgbà Ojúde ṣẹ̀sín, ó sì ti orúkọ tèmi gan-an mọ́ta. Ọjọ́ tí mo sọ òótọ́ ni mo di tírọ́ọ̀lù.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi láàárọ̀ yìí. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn á bá mi dé Bódìjà lọ́la, pé ọmọdé kì í dá ẹ̀bẹ̀ lọ, pé kí n dọ̀bálẹ̀ kí n tó la ẹnu, kí n wá ṣe ohùn náà lójú Àǹtí Kòfowórọlá, kí wọ́n rí ẹnu tó ti ń jáde. Bí wọ́n bá gbá mi létí, mo gbà. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ẹni tó ti sin ìyá méjì ni mò ń lọ túfọ̀ ẹ̀kẹta fún, nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la.

Ọjọ́ Àìkú ni màmá rẹ ń bọ̀ wá wò ọ́, àwọn ni màá fi lẹ́tà yìí rán. Gọ́ọ̀mù ojú fóònù ni mo fi lẹ̀ ẹ́ pa, torí mo mọ màmá rẹ. Nígbà tí o bá máa kà á, ọmọ yẹn á ti lórúkọ. Ó lè jẹ́ Ẹwàolúwa. Wọ́n sì lè ti gbé orúkọ náà kúrò lórí rẹ̀, kí wọ́n má fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láé. Ìwọ á ti máa kà á, èmi á ti mọ̀, àmọ́ báyìí tí mò ń kọ ọ́, mi ò mọ̀.

Bá mi kí àwọn ará yàrá yín. Bí wọ́n bá ní kí o ṣe bí Màmá Moniya fún wọn, jọ̀ọ́, má ṣe é.

Èmi ni, ní ohùn ara mi, ọ̀rẹ́ rẹ,

Jésùlọlá Adégbìtẹ́.