Erin Orí Bẹ́ẹ̀dì Mọ́mì

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o. Ẹ rọra jókòó kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí mo mọ̀ yín. Mọ́mì wọ ọkọ̀ ojú omi. Kì í ṣe ọkọ̀ pákó àwọn apẹja Makoko, èyí tí ẹ máa ń dijú kí ẹ má baà rí bí a bá ti gun afárá o. Ọkọ̀ òyìnbó ni, tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, tí a jẹ tí a sùn nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìdó títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, ẹ máa ń sọ pé ọkọ̀ ojú irin ló dára, pé bó bá kọṣẹ́, èèyàn á sọ̀kalẹ̀, á sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń rò nígbà tí ilẹ̀ parẹ́ lójú wa. Níbo lèèyàn fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí lórí òkun?

Ẹ má bínú sí Brọ̀dá Káyọ̀dé. Àwọn ni wọ́n dá a lábàá, ṣùgbọ́n èmi ni mo tì wọ́n lẹ́yìn. Láti ìgbà tí a ti sin yín ni Mọ́mì kò ti sùn nínú yàrá mọ́. Inú pálọ̀ ni wọ́n ń sùn, lórí àga yín, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tó ń pariwo. Wọ́n ní ooru ló lé àwọn jáde. Fáànù wà nínú yàrá, Dádì, ẹ̀yin náà lẹ rà á. Ọrùn ń dùn wọ́n, ẹsẹ̀ wọn ń wú, a bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Mo mọ̀ pé ìhanrun yín ni wọ́n ń wá, ìhanrun tí àwọn ará ilé kejì máa ń rò pé jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé àga yẹn ló máa gbé Mọ́mì tẹ̀lé yín. Nígbà tí Brọ̀dá wá pè láti London pé kí gbogbo wa jọ lọ, àwọn, ìyàwó wọn, àwọn ìbejì wọn, èmi àti Mọ́mì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: ṣé pálọ̀ wà nínú yàrá ọkọ̀ náà? Wọ́n ní kò sí, bẹ́ẹ̀dì nìkan ni. Mo ní ká máa lọ. Èmi àti Mọ́mì lọ bá wọn lọ́hùn-ún, ibẹ̀ la ti wọ ọkọ̀.

Ẹni tó bá ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kó mọ̀ pé kí ọkọ̀ tó ṣí rárá ni wọ́n ti máa kó gbogbo èèyàn jọ, tí wọ́n á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin tó ń kọ́ wa bá ti ní “bí ọkọ̀ bá”, Mọ́mì á ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Ọlọ́run ò ní jẹ́!” Àwọn ìbejì á ní, “Àmín!” Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín, wọ́n rò pé ó wà lára ẹ̀kọ́. Kó tún mọ̀ pé oúnjẹ kì í tán níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Síbẹ̀, gààrí Ìjẹ̀bú tí Mọ́mì dì sáàárín aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ mu. Wọ́n ní ọkọ̀ ń jó, inú àwọn kò fẹ́ oúnjẹ oníjó. Àwọn ọmọdé ní ibi tí wọ́n ti ń ṣeré lọ́tọ̀. Brọ̀dá kó àwọn ìbejì síbẹ̀, àwọn fúnra wọn sì lọ sùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé.

Èmi àti Mọ́mì la jọ wà ní yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì tiwọn fẹ̀, tèmi tẹ́ẹ́rẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fa àga kékeré tó wà níwájú dígí, wọ́n jókòó lé e, wọ́n sì sùn síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Dádì, mo sunkún sínú ìrọ̀rí. Ṣé ẹ ò lè bá mi bá wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀hún ni?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wàhálà dé. A jẹun tán, a ṣílẹ̀kùn yàrá, iná ti rọ̀, la bá rí ọ̀bọ funfun kan tó ń fì dirodiro láti òkè àjà, ó wọ awò ojú Mọ́mì. “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yà fún mi. Mọ́mì tí orúnkún ń dùn ti dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó yíjú padà. “Ta ló gbé nǹkan sí yàrá mi? Awò ojú mi ni wọ́n fi wọ̀ ọ́! Kí ni mo ṣe fún wọn?” Brọ̀dá sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Bàbá kúkurú tó ń tún yàrá wa ṣe náà sáré dé. Ó rò pé ayọ̀ là ń pariwo rẹ̀, ó ní tó bá di ọ̀la, òun á ṣe èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tówẹ̀lì ni, Dádì. Àṣà wọn nínú ọkọ̀ ni, wọ́n máa ń ká tówẹ̀lì bí ẹranko kí inú àlejò lè dùn. Brọ̀dá fa ọ̀bọ náà nídìí, ó tú, ó di tówẹ̀lì ìwẹ̀. Mọ́mì ṣì ta òróró àdúrà sí i kí wọ́n tó jẹ́ ká fi nura.

Lọ́jọ́ kẹta, erin ló ń dúró dè wá. Etí ńlá, ọwọ́ ìjà gígùn, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì Mọ́mì lẹ́bàá ògiri. Ẹ mọ ẹni tó ń sùn lẹ́bàá ògiri nílé wa. Mọ́mì wò ó títí, wọn ò pariwo. Mo ní mo fẹ́ lọ wẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ ní balùwẹ̀. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti dùbúlẹ̀, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn, ọwọ́ wọn kan wà lórí erin. Ilẹ̀ mọ́, wọn ò mọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú erin náà. Wọ́n ní kí bàbá kúkurú kọ́ àwọn. Mọ́mì tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe tíṣà ní Yábàá wá di akẹ́kọ̀ọ́, erin àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe sì jọ ewúrẹ́ tó mutí yó. Àwọn ìbejì rẹ́rìn-ín títí, Mọ́mì náà rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín yẹn ṣe máa ń rí.

A ti padà sí Sùúrùlérè báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ. Ṣé ẹ rántí tówẹ̀lì aláwọ̀ ewé yín, tí ẹ máa ń ká sí mẹ́rin gẹ́lẹ́, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn? Mọ́mì gbé e jáde nínú àpótí. Mo rò pé ẹkún ló kàn. Wọ́n ká a, wọ́n lọ́ ọ, etí kan tóbi ju èkejì lọ. Wọ́n fi awò ojú yín wọ̀ ọ́, wọ́n sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́bàá ògiri. Àga yín nínú pálọ̀ ti ṣófo láti ìgbà náà. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí.

Láàárọ̀ òní, mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń bá erin náà gbé.

“Ó sàn ju Dádì yín lọ. Kì í fa aṣọ ìbora kúrò lára mi, kì í sì í hanrun.”

A rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún etí rẹ̀ tó wọ́ ṣe, wọ́n wò ó díẹ̀.

“Àléébù rẹ̀ náà nìyẹn. Kì í hanrun.”

Ẹ sùn ire, Dádì. Ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ hanrun dáadáa.

Èmi ni,
àbíkẹ́yìn yín tó fẹ́ràn yín.