Ojú-Ìwé Kan Tó Bọ́ Sínú Aró

Èmi ni mo ba iṣẹ́ Dókítà jẹ́, wọn ò sì mọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, ẹ má bínú pé mi ò kọ orúkọ mi... tí mo bá ti ní Kẹ́ńta ni mò ń gbé, tí mo ní táìpíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, àwọn kan á ti mọ̀ mí. Mi ò tíì sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń kírun, gbogbo ara mi kàn kú tipiri bí apá téèyàn sùn lé lórí ni. Ṣé bó ṣe máa ń ṣe èèyàn nìyẹn?

Dókítà ni ọ̀gá mi, ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Àgbàlagbà ni wọ́n, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì gan-an. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti òkè òkun gbé kọ̀ǹpútà kan bọ̀, àti ètò kan nínú díìsì pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ LaTeX, tó máa ń to fọ́múlà kó rí bíi ti inú ìwé òyìnbó. Kó tó dé, ọwọ́ ni mo fi ń ya àwọn àmì sínú ohun tí mo bá táìpù. Èmi tí mi ò mọ ìṣirò kọjá àròpọ̀, Dókítà jókòó tì mí, wọ́n fi sùúrù kọ́ mi... \frac tí nǹkan bá wà lórí ìlà tí nǹkan wà nísàlẹ̀, \sqrt fún àmì tó dà bí òrùlé. Wọ́n ní kí n máa fún fọ́múlà kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló máa fún un ní nọ́ńbà. Tí mo bá tọ́ka sí fọ́múlà tí kò sí, àmì ìbéèrè méjì, ??, ló máa jáde níbẹ̀. Wọ́n ní ojú àwọn ò gbé kíkà mọ́, àmì ìbéèrè yẹn ni kí n máa bá àwọn ṣọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún mọ́kànlá ni wọ́n kó fún mi, ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ, wọn ò sì kọ nọ́ńbà sí ojú-ìwé kankan. Wọ́n kìlọ̀ pé kí n má gbé e jáde ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n iná ò ń dúró, bẹ́ẹ̀ bíró pupa ni mo fi máa ń kọ àṣẹ kọ̀ǹpútà sórí fọ́múlà kọ̀ọ̀kan, kó tó di pé iná dé, kí n lè sáré tẹ̀ ẹ́. Ni mo bá ń gbé e lọ ṣe ní Ìtòkú, níbi tí ìyá mi ti ń rẹ àdìrẹ. Ọjọ́ kan, atẹ́gùn fẹ́, ojú-ìwé kan fò, ó di inú ìkòkò aró gbuu! Nígbà tí mo fi máa fi igi yọ ọ́, ó ti dúdú kirimú, kò sí ohun téèyàn lè kà níbẹ̀ mọ́. Ìyá mi ní kí n lọ sọ fún ọ̀gá mi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo ní ó dáa. Mi ò lọ.

Mo tẹ ìyókù. Wàláhì, kọ̀ǹpútà yẹn ò bò mí láṣìírí o, ibi mẹ́ta ló ti kọ ??. Mo wò ó, wò ó... mo wá pa orúkọ fọ́múlà tó sọnù rẹ́, mo fi orúkọ èyí tó ṣáájú rẹ̀ sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmì ìbéèrè lọ. Nọ́ńbà tò láti oókan dé ìparí láìfo ọ̀kan. Dókítà bi mí bóyá àmì ìbéèrè kankan jáde, mo ní rárá, sà. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí òkè òkun kí wọ́n bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ó lé ní oṣù mẹ́fà kí èsì tó dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé ìṣirò lókè òkun. Wọ́n ní ìgbésẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù kò sí níbẹ̀, pé fọ́múlà tí Dókítà tọ́ka sí kò sọ ohun tí Dókítà ní ó sọ. Dókítà tú gbogbo ìwé wọn, wọn ò rí i. Wọ́n jókòó láti tún un kọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò wá. Wọ́n wá sọ fún mi wọ́ọ́rọ́ pé bóyá àwọn ò kọ ọ́ rí, pé àwọn kàn rò pé àwọn kọ ọ́ ni... Ojú-ìwé yẹn wà nínú àpótí mi, ó ti gan, ṣùgbọ́n téèyàn bá fi ìka pa ojú rẹ̀, ibi tí bíró wọn ti tẹ̀ wọnú ìwé ṣì wà níbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ti Màmá, ìyàwó wọn. Wọ́n wá bá mi ní ọ́fíìsì, wọ́n ní Dókítà ò fọwọ́ kan bíró mọ́ nílé, wọ́n ń bi mí bóyá èmi náà ti kíyè sí i pé orí wọn ti ń dàrú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, díẹ̀díẹ̀. Ẹnu ara mi! Kí ló ń ṣe mí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dókítà ní kí n jókòó, àwọn fẹ́ pe lẹ́tà fún mi kọ. Lẹ́tà ìfẹ̀yìntì ni, wọ́n ní ọpọlọ àwọn ò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́, kí àwọn má lọ ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Mo tẹ̀ ẹ́ ní mímọ́, kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Òpin oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fọwọ́ sí i. Tí mo bá sọ, iṣẹ́ mi lọ, ojú Màmá ò ní kúrò lára mi títí láé. Tí mi ò bá sọ, ọkùnrin tí orí rẹ̀ pé máa lọ jókòó sílé, á máa rò pé orí òun ti yí. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, Dókítà ni àbí Màmá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, torí wọ́n ní tó bá di ọjọ́ náà, èmi ni kí n bá àwọn fi ìka síbi tí àwọn máa fọwọ́ sí, pé èmi nìkan ni àwọn fọkàn tán.