Òfìfo Ọta Tí Ẹ Fi Ń Súfèé Pè Mí

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi tó rí bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi, áḿbọ̀sìbọ́sí lọ́wọ́.

Mo ti lọ́kọ o. Onitsha là ń gbé, ó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin nítòsí Main Market. Ó níwà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí. "Ẹ jọ̀ọ́" ni mo ń pè é.

Òfìfo ọta tí ẹ máa ń fi súfèé pè mí wálé, ọrùn ni mo so ó mọ́. Àfi bí okùn ṣe já ní ọjà Ose Okwodu, tí bárò ẹlẹ́rù gun ẹnu rẹ̀. Mo figbe ta. Àwọn ìyá aláta rò pé ẹsẹ̀ mi ni. "Ndo o, nwunye anyị!" Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó wa, ni wọ́n ń wí. Wọ́n gbé mi jókòó, wọ́n ń da omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ pé ọta ni. Bàbá, mo tiro délé. Ní báyìí, bí mo bá ń lọ ra ata, mo gbọ́dọ̀ tiro, kí n sì rántí pé ẹsẹ̀ òsì ni.

Bí mo ṣe fọn ọta náà, atẹ́gùn lásán ló jáde. Ó dùn mí bí ìgbà tí ẹ tún kú.

Ọkọ mi bá wá dáì yín jáde nínú ẹrù mi, irin tí ẹ fi ń tún òfìfo ọta ṣe, tòun ti àwọn òrùka irin inú rẹ̀, àwọn búṣìn tí ẹ fi ń fún ọrùn ọta kó lè wọ ìbọn yín, ìbọn alágídí tí ò gba ọta ọjà kankan. Ó fi irin ṣóńṣó tún ẹnu rẹ̀ ṣe roboto, ó fi òrí pa á. Ló bá mú búṣìn tó há jù! Ẹ̀yin a máa fún un díẹ̀díẹ̀, kó má baà ya. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́.

"Ìyàwó mi, ṣé òtútù mú ẹ ni?"

Mo nawọ́ sí èyí tó fẹ̀.

Ó fún un tán, ó fọn ọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ó dún bí ìsó. Ewúrẹ́ onílé pàápàá wò ó tàánútàánú.

Ó ku búṣìn tó há yẹn. Bí ọta bá ya, ó parí. Ẹ̀yìnkùlé ni ọkọ mi ti ń fún un báyìí, mi ò lè wò ó, ni mo ṣe ń kọ̀wé. Bàbá, èwo gan-an lẹ fi ṣe é nígbà náà? Ṣé ẹ ń wò wá ṣá?

Ẹ jẹ́ kí n sọ pé ọkàn mi balẹ̀ níbí, pé bó bá tiẹ̀ ya, mi ò ní

Áà! Súfèé! Bàbá, bí ẹ ṣe ń fọn ọ́n gan-an ni. Ọmọ yín tí ó fẹ́ràn yín ti dìde, mò ń bọ̀, mò