Orin Tí Bàbá Wọn Dúró Dè

Bàbá wọn, ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti lọ. Ọdún mẹ́rin! Ilé yìí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wà láìsí yín.

Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń tún rédíò ṣe ṣì wà ní ṣíṣí. Àkọ́bí yín ló wà níbẹ̀. Fóònù ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá báyìí, ṣùgbọ́n bí rédíò kan bá wọlé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tú u. Yàrá ẹ̀yìn tí ẹ kò rí kọ́ parí, a ti kan òrùlé rẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Èyí tó kù, àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ṣé ẹ rántí bàbá olórin tó ti darúgbó yẹn? Orogún mi ni mo máa ń pè é, nítorí tí orin rẹ̀ bá ti ń dún, ẹ kì í gbọ́ tèmi mọ́. Orin ẹ̀rọ lásán: kò sí ìlù, kò sí elégbè, kò sí ẹni tó la ẹnu. Ohùn kan á wọlé, á máa wọ́ lọ bí ẹni tó ń rìn nínú omi, òmíràn á gorí rẹ̀. Mo máa ń bi yín bóyá fíríìjì ló ń ké. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní kí n jókòó, ojú ọ̀run ni bàbá náà ń rìn kiri. Nígbà tí ẹ gbọ́ pé ó tún ń ṣe àwo tuntun, tí yóò gùn ju gbogbo tàtẹ̀yìnwá lọ, inú yín dùn bí ọmọdé. Àìsàn ọkàn kò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ.

Àwo náà jáde lọ́dún yìí. Àkọ́bí yín rà á, ó gbé e sórí tábìlì pálọ̀. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án.

Ìgbà náà ni Ìyá Kékeré, àbígbẹ̀yìn yín, ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ níbi iṣẹ́. Dókítà fetí sí àyà rẹ̀, ó pẹ́, ó tún fetí sí i. Nígbà tó gbójú sókè, mo ti mọ̀. Irú ojú tí wọ́n fi wò mí nígbà tiyín nìyẹn. Ó ní irú àìsàn tó pa bàbá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n tètè rí tirẹ̀, wọn yóò là á, wọn yóò tún ọkàn náà ṣe. Ṣé ilẹ̀kùn ilé kan náà ni ikú yóò máa kàn ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n ṣe ń tì í lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fà mí lọ́wọ́. "Mọ́mì, ẹ bá mi gbọ́ orin Dádì. Ẹ má pa á láàárín o."

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àkọ́bí yín ti kó orin inú àwo náà sínú fóònù rẹ̀; ó fi okùn ìgbọ́rin kan sétí mi, ó fi ìkejì sí tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Nígbà tó yá, nǹkan kan ń lù nísàlẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo sì mọ ohun tó jọ. Ojú mi kò kúrò lára ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì kan sáré jáde, kò wojú wa. Òmíràn gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé. Àkókò yẹn gan-an ni orin dákẹ́.

Ó dákẹ́ pátápátá. Mo fẹ́ fa okùn náà yọ, ọmọ yín di ọwọ́ mi mú.

"Kò tíì parí, Mọ́mì."

Mo ń pè yín nínú ọkàn mi. Mo ní bí ẹ bá rí ọmọ wa lọ́dọ̀ yín, kí ẹ lé e padà sílé. Ó pẹ́ kí ohùn kan tó yọ, tín-ín-rín, ó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. A gbọ́ ọ dé òpin, a tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì kò tíì parí tí dókítà fi jáde, ó ti fa ìbòmú rẹ̀ wálẹ̀ sí àgbọ̀n. Ó ní ẹ̀jẹ̀ fẹ́ da àwọn láàmú, ṣùgbọ́n ó ti dá. Ó ní ọmọ wa ti là á já. Àkọ́bí yín, géńdé ọkùnrin, sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ìyá Kékeré ti wà nílé. Ó ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Èmi ni ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Tó bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń wò ó bóyá aṣọ tó fi bora ń lọ sókè sódò. Ó ká mi mọ́ ọn, ó ní ṣé mo di ọlọ́dẹ ni.

Ó máa ń fi orin yín sí i ní ìrọ̀lẹ́. N kò ní purọ́, kò yé mi. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ohùn méjì ti pàdé, tí mo máa ń yíjú sí àga yín kí n lè rí bí ojú yín yóò ṣe rí.

A ò gbàgbé yín, a ò sì dẹ́kun ìfẹ́ yín. Ọdún mẹ́rin, ọkọ mi, mo ṣì ń yíjú.