Tábìlì Pẹpẹ àti Ìyá Korobá

Ajé, 18 Oṣù Kẹjọ 2025
Tábìlì pẹpẹ tí mo kàn ti dé ilé ìjọ aláṣọ funfun tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdímù níbí. Fẹníà ọ̀gànwó ni mo lẹ̀ mọ́ pákó rẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀, kí pákó má baà wọ́. Mo kìlọ̀ fún àgbà ìjọ wọn: awọ igi ni o, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ máa fi nù ún. "A ti gbọ́, Zulaihat," ló wí. Bàbá Ẹ̀rọ ni mo ń pè é — makirofóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹjọ
Bàbá Ẹ̀rọ wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń pariwo. Fẹníà ti wú, ó ti ń bó létí. Ó ní páálí ni mo fi awọ igi bò, pé mo lu ìjọ Ọlọ́run ní jìbìtì. Lójú Àdíját, oníbàárà mi tó wá wo bẹ́ẹ̀dì! Àdíját ní òun á padà wá. Irọ́ ni. Inú ń bí mi gan-an. Èmi, jìbìtì?

Ẹtì, 29 Oṣù Kẹjọ
Mo ti mọ ohun tó ṣe é. Mo dúró létí fèrèsé wọn lásìkò ìsìn. Obìnrin tó ń tọ́jú pẹpẹ gbé korobá omi àdúrà, ó dà á lé tábìlì — ṣàà! Alelúyà gba ilé kan. Mo bi í léèrè nígbà tó jáde. Ó ní ojoojúmọ́ làwọn ń wẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́! Ṣé ẹja ni fẹníà ni? Ìyá Korobá lorúkọ rẹ̀ láti òní lọ.

Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án
Mo sọ fún Bàbá Ẹ̀rọ pé omi ló bà á jẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìwọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ṣé omi tí a gbàdúrà sí ló ń ba nǹkan jẹ́?" Kí ni kí n wí? Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo bú omi wọn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo di olè. Ó ní tí tábìlì ò bá dán padà títí Àìkú, òun á kéde orúkọ mi nínú ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣẹ́ fún mi mọ́. Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ yẹn dé Ẹ̀gbẹ́dá, jàre!

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹsàn-án
Inú ṣì ń bí mi. Mo pọ́n abẹ, mo ra gọ́ọ̀mù.

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án
Mo lọ tún un ṣe. Nítorí orúkọ mi ni, kì í ṣe nítorí wọn. Ibi tó bá wú, mo fi abẹ là á tẹ̀lé ojú igi, mo ti gọ́ọ̀mù sábẹ́, mo tẹ́ aṣọ lé e, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí ó fi lẹ̀. Mo to bíríkì lé e. Áyọ́ọ̀nù jó mi níka. Olúwaṣìkẹ́mi, ọmọ ìjọ wọn tó ń gbálẹ̀, nìkan ló wà níbẹ̀. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má da omi sí i mọ́. Ó ní, "Ta lèmi, tí màá sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá tó ń tọ́jú pẹpẹ?"

Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án
Mo tún wà létí fèrèsé wọn. Bàbá Ẹ̀rọ mú makirofóònù. Ó ní kí ará wo iṣẹ́ Olúwa: tábìlì tó bó ti dán padà, àdúrà ló lẹ̀ ẹ́! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kò dárúkọ mi, ì báà ṣe sí búburú, ì báà ṣe sí rere. Èmi rèé, pẹ̀lú ìka tó léròrò. Olúwaṣìkẹ́mi wò mí, ó sì wo ilẹ̀. Mo ti lanu láti pariwo nígbà tí Bàbá Ẹ̀rọ ní kí wọ́n fi omi ṣe ìdúpẹ́ lórí tábìlì.

Korobá méjì ni Ìyá Korobá gbé bọ̀.