Agbo Ìràwọ̀ Aràrá Tó Ń Dá Gbé

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè,
Ọjọ́ Ajé.

Mojọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Ìbàdàn ń jẹ́ kí o jẹun yó? Mo kí ọ, bàbá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì náà kí ọ. Ọlọ́run tó ń pe ìràwọ̀ lórúkọ kò ní gbàgbé tìrẹ. Àmín.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo rò pé ìdọ̀tí ló wà lójú fóònù, mo fi etí ìró nù ún títí ọwọ́ fi ń ro mí, kí o tó pè, tí o ní agbo ìràwọ̀ aràrá, àwùjọ ìràwọ̀ tó kéré sí àwọn yòókù, tí ẹ ń wò lẹ́nu iṣẹ́ yín nìyẹn, pé òun nìkan ló dá wà, kò ní aládùúgbò kankan. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bi ọ́ bóyá wọ́n lé e jáde nílé ni, o ní rárá. O tún ní ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ rin ìrìn tó lé ní mílíọ̀nù ọdún mẹ́ta kí ó tó dé ojú awò tí ẹ fi ń wo sánmà. Háà! Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀nà tiwọn burú ju ti Ẹ̀fọ̀n lọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ló yà mí lẹ́nu jù. O ní ẹ kọ fọ́ọ̀mù, ẹ dúró oṣù mẹ́fà, kí àwọn tó ni awò ńlá orí òkè lókè òkun tó gbà yín láyè fún wákàtí mẹ́ta péré. Kí lẹ ń kọ fọ́ọ̀mù fún láti wo sánmà? Wá sílé. Òkè pọ̀ níbí, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ṣùgbọ́n o sọ ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi, pé bó ti dá wà tó yẹn, ó ṣì ń bí ìràwọ̀ tuntun. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí oko Bàbá Ọládèjì, tí wọn kò wọ ìlú mọ́ láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo sọ fún wọn pé ìwọ àtàwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ ti rí ẹnì kan lójú ọ̀run tó dá wà jù wọ́n lọ, tí kò sì yé bímọ. Ẹ̀rín pa wọ́n títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin. Mo ní n ó bi ọ́, nítorí náà tètè fèsì.

Lánàá tí a ṣe Ìkórè, ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Ọládèjì ló sọ̀kalẹ̀, iṣu mẹ́fà lọ́wọ́ wọn! Wọ́n jó títí fìlà fi já bọ́ lórí wọn. Gbogbo ìjọ ń pariwo ayọ̀. Àlùfáà bi wọ́n pé ta ló mú wọn wá, wọ́n ní aràrá kan ni.

Bàtà mi já níbi ijó náà, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kí bàbá rẹ má gbọ́, wọ́n ní mo ti dàgbà jù fún irú ijó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí o bá nawọ́ sí, ọwọ́ rẹ yóò tó o. O kò ní wá ẹni tí yóò bá ọ yọ̀ tì.

Èmi ìyá rẹ,
Victoria