Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Ò Jẹ́ Kí A Tì

Ẹ kú ilé o, Ìyáà mi. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlú Ọba. Mo kí gbogbo àgbà agbo ilé wa l'Ómù-Àrán, mo kí ẹ̀gbọ́n yín l'Ésìé. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí, nítorí méjì tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ò dé ọwọ́ yín. Ẹni tó bá rí i, kó jọ̀ọ́ kà á sókè fún ìyá mi.

Àyìndé àbúrò mi kọ̀wé pé láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ẹ ò gbà kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn ojúde bí ilẹ̀ bá ṣú. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ẹ̀bi mi ni, Ìyáà mi.

Ẹ rántí rẹ́díò tí Bàbá rà nígbà tí owó bẹntiróòlù ń ṣàn, tí iṣu wọn náà ń tà. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ojúde wa á kún nítorí aláwàdà tí gbogbo wa ń pè ní Baba Mo-Ń-Bọ̀. Gbogbo eré rẹ̀, ilé ló ń lọ. Lọ́sẹ̀ yìí ọkọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́ sí Ìgbàjà, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e àna rẹ̀ á dá a dúró kó jẹun. Kò délé rí! Bó bá fẹ́ dágbére, á ní ká má tilẹ̀kùn o, òun ti wà lọ́nà. Bàbá á sì dá a lóhùn pé àwọn ò tì í. Ẹ̀yin á rẹ́rìn-ín, ẹ á bi wọ́n bóyá àpótí ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Tiyín ni obìnrin eléré inú tẹlifíṣàn ilé Àlàájì, tó máa ń fi ìborùn nu ojú gíláàsì bí eré bá parí, tí á ní ó tó, ká má sunkún mọ́.

Nígbà tó yá, ìlú le bí ojú ẹja. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, orin ni wọ́n fi dípò eré: aláwàdà ti kú. Bàbá ṣì jókòó ti rẹ́díò títí orin fi parí.

Ọjọ́ tí mò ń lọ, ó yẹ kí n kúnlẹ̀ gbàdúrà lẹ́nu Bàbá. Ẹkún ló fẹ́ gbọ̀n mí, mo bá fi àwàdà bò ó. Mo ní kí wọ́n má tilẹ̀kùn o, mo ti wà lọ́nà. Ẹyin lohùn. Wọ́n ní àwọn ò ní tì í, ṣùgbọ́n wọn ò rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹsàn-án rèé. Àyìndé ní olè gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé lóru ọjọ́ kan, ó gbé rẹ́díò lọ, síbẹ̀ Bàbá ò gbà kí wọ́n tì í.

Ilé ìdáná ọsibítù ni mo ti ń fọ abọ́. Òtútù ibí burú, mo sì lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìsí ẹni tó pe orúkọ mi. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Bí mo bá kúrò nílùú yìí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí mi níbi ìsìnkú. Ó ń dùn mí, Ìyáà mi, ó ń dùn mí gan-an.

Olúwa á dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí Àyìndé, ẹ kí ilé Àlàájì. Ó tó, ẹ má sunkún mọ́.

Ẹ tilẹ̀kùn, Ìyáà mi. Ẹ fi ọ̀pá dábùú rẹ̀. Mi ò tíì wà lọ́nà. Ọjọ́ tí mo bá dé, màá kanlẹ̀kùn, ẹ ó sì mọ ohùn mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àsàkẹ́